Ọtí Tí Kò Dàgbà

Ní Ìwópin, létí ọ̀sà,
kí oòrùn tó yọ lójú omi,
èéfín ti ń jáde lẹ́yìn ilé ìyá ìyá mi.
Ẹni tó bá wa ọkọ̀ kọjá á fi imú mọ̀
pé Efúnbọ́wálé ti dáná sábẹ́ dírọ́ọ̀mù.

Ọ̀rẹ́sànyà ló ń dá ògùrọ̀ fún un,
tí ń wọ ẹrẹ̀ dé orókùn, agbè léjìká.
Ọjọ́ kìíní, ògùrọ̀ dùn bí itọ́ ọmọdé.
Ọjọ́ kẹta, ó ń hó láìsí iná.
Ọjọ́ karùn-ún, eṣinṣin tó bá kó sí i
ẹ̀rín ní í rín kú.
Ìyá á ní: “Ó ti ya wèrè tó. Ẹ gbé e wá.”

Wọ́n fi amọ̀ dí dírọ́ọ̀mù lẹ́nu bí ẹni tó mọ àṣírí.
Páìpù bàbà kan yọ léjìká rẹ̀,
ó gba inú ògbólógbòó ọkọ̀ tó kún fómi tútù kọjá.
Iná kò gbọdọ̀ pọ̀.
Èmi ni mo ń ti igi, èmi náà ni mo ń fà á yọ,
ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ojú mi pọ́n bí ẹyìn,
mo ń retí ìgbà tí oru á rántí pé omi lòun.

Tó.

Tó.

Kọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò.
“Afọ́nilójú nìyẹn,” Ìyá á dà á síná,
iná á fò sókè, á di búlúù.
Èyí tó tẹ̀lé e ló ń gbè sínú ìgò,
á mì í, á nà án sí oòrùn,
á máa wo ìlẹ̀kẹ̀ tó so mọ́ ọtí lọ́rùn.
Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá pẹ́ kó tó já, ó parí.
Bó bá já kíá, ìrù nìyẹn,
ó di inú dírọ́ọ̀mù padà.

Ọdún tí wọ́n bí màmá mi, kò ì sí èmi,
ọlọ́pàá wa ọkọ̀ dé láti Ẹ̀pẹ́.
Òyìnbó ní ṣìnáàpù tirẹ̀ láti tà,
ó ní tiwa lòdì sófin.
“Ìyá, níbo lẹ kó ọtí sí?”
“Mẹ́ẹ̀ mọ̀.”
“Ta ló ni dírọ́ọ̀mù yìí?”
“Mẹ́ẹ̀ mọ̀.”
Wọ́n fi àáké là á. Ẹja ọ̀sà yó lọ́jọ́ náà.

Ní Kérésì tó kọjá, Ọ̀ṣínówò dé láti Sìkọ́tíláǹdì,
ó pọ́n ìgò wisikí kan sínú ẹ̀wù òtútù bí ọmọ tuntun.
Ó ní ọkà báálì ni, wọ́n rẹ ẹ́ títí ó fi hù,
wọ́n fi èéfín ẹrẹ̀ gbígbẹ yan án,
wọ́n sè é nínú bàbà lẹ́ẹ̀mejì,
wọ́n tẹ́ ẹ sùn sínú àgbá igi óòkù fọ́dún méjìlá.
Ó kán omi díẹ̀ sí i. “Ẹ má gbé e mì kíá.”
Mo fi ahọ́n dá a dúró:
àgbàdo sísun, oyin,
lẹ́yìn rẹ̀, gèlè Ìyá lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́.

“Ọdún méjìlá!” Ẹ̀gbọ́n Ọnàfẹ́sọ̀ pòṣé.
“Ẹnikẹ́ni kò lé e ni.
Tiwa ń sá fún ọlọ́pàá, ìgbà wo ló fẹ́ sùn?”

Ni mo bá rántí abẹ́ ààrò.
A gbẹ́lẹ̀ títí ọkọ́ fi kan dígí:
ìgò kan, èyí tí Ìyá rì mọ́lẹ̀
lálẹ́ tó ṣáájú ọkọ̀ ọlọ́pàá.
“Ọtí kì í dàgbà nínú ìgò,” Ọ̀ṣínówò wí,
“igi ló ń sọ ọ́ di àgbà.”
Òótọ́ ni. Ó mọ́ gaara. Ó ta mí lọ́fun bí ìbínú òwúrọ̀.
Ìyá tá a sin lọ́dún kẹfà sẹ́yìn
di ẹni ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́nu mi,
oyún nínú, eérú lápá,
ó ń wo ìlẹ̀kẹ̀ nínú oòrùn.

Ọ̀ṣínówò gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, omi lé sí i lójú.
“Ta ló se èyí?”

Mo ní, “Mẹ́ẹ̀ mọ̀.”